Ọwọ́ Ọ̀tún Àlàájì Jùbrílù

Nígbà tí wọ́n bá Àlàájì Jùbrílù nílẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì là, ẹnu rẹ̀ sì ti kún fún ìfófó funfun. Àgbàlá ilé rẹ̀ ní Ṣàpọ́n ló ṣubú sí, lẹ́bàá ibi tí ó ti máa ń ṣe àlùwàlá. Búta rẹ̀ ti dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì ti ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Ìrun àsùbáà ni bàbá náà jí láti kí. Kí oòrùn tó yọ, àwọn ará ilé ti pe ẹjọ́ náà, wọ́n ti rò ó, wọ́n sì ti dá a. Kò kù ju kí ọlọ́pàá wá mú ọ̀daràn lọ.

"Májẹ̀lé ni," ni Kùdírátù, ìyáálé ilé, wí fún Sájẹ́ǹtì Túbọ̀sún. "Sàfúrátù ló fún un jẹ. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ọkọ mi kò ti jẹun lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyàwó kékeré á gbé abọ́ wọlé, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Èmi tí mo ti bá a gbé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mi ò gbọdọ̀ yọjú."

"Ṣé ẹ rí i kí ó fi nǹkan sí oúnjẹ, ìyá?"

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Láràárọ̀ ni ó ń bu ìyẹ̀fun funfun kan sínú ẹ̀kọ mímu rẹ̀. Ó dì í sínú bébà, ó sì fi í pamọ́ sábẹ́ ẹní rẹ̀. Ẹ lọ ká ẹní yẹn."

Wọ́n ká ẹní. Bébà náà wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun funfun sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Túbọ̀sún, ó ti ń lọ sí ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Kò ka ìwé ju kíláàsì kẹrin lọ. Tíṣà kan ló nà án nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, ni ó bá gbé síléètì rẹ̀ sílẹ̀, kò sì padà mọ́. Títí di òní, ó mọ orúkọ tíṣà náà, ó mọ orúkọ bàbá tíṣà náà. Bí nǹkan bá ti wọ inú Túbọ̀sún, kì í jáde mọ́, ìbáà ṣe ẹ̀rí, ìbáà ṣe ìwọ̀sí.

Wọ́n gbé òkú lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì gbé Sàfúrátù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ, ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Kí ni ìyẹ̀fun yìí?" ni Túbọ̀sún bi í.

Ó dákẹ́.

"Kí ló dé tí o fi ń ti ilẹ̀kùn bí ọkọ rẹ bá fẹ́ jẹun?"

"Bàbá, ohun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, ẹ fi mí ṣe é. Mi ò ní sọ."

"Ṣé o mọ̀ pé wọ́n lè so ènìyàn kọ́ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Mo mọ̀."

"Tí o kò bá pa á, wí pé o kò pa á."

"Mi ò pa á."

"Kí wá ni ìyẹ̀fun yìí?"

Ó tún dákẹ́. Túbọ̀sún fi ọwọ́ gbá tábìlì, kì í ṣe láti dẹ́rù bà á, inú ló ń bí i. Ẹni tó bá purọ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí irọ́ a máa ní ìrù, ẹni tó bá sì ní sùúrù á gbá ìrù rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ibo ni a ti fẹ́ gbá ìdákẹ́ mú?

* * *

Ní agogo mẹ́wàá, ó padà sí Ṣàpọ́n. Wọ́n ti ń gé aṣọ funfun fún òkú, wọ́n sì ti rán àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀. Àlàájì Ṣéhù, àbúrò olóògbé, ló jókòó sí iwájú ilé, tí ó ń pàṣẹ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Túbọ̀sún àti Ṣéhù mọ ara wọn. Ọdún kọkànlá rèé tí Túbọ̀sún ti mú awakọ̀ Ṣéhù tì mọ́lé, tí Ṣéhù sì lọ bá ọ̀gá àgbà kan sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹgbẹ́ Túbọ̀sún ló ti gòkè lẹ́nu iṣẹ́. Okùn sájẹ́ǹtì mẹ́ta tó wà ní apá rẹ̀ nígbà náà náà ló ṣì wà níbẹ̀.

"Túbọ̀sún," ni Ṣéhù wí, ó ń wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé sájẹ́ǹtì náà lo ṣì jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájì. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ìdí rẹ̀. Ẹ kú àfẹ́kù."

"A dúpẹ́. Lẹ́yìn làásárì ni a máa sin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti bá ọ̀gá yín sọ ọ́."

"Ẹ ní wọ́n fún un ní májẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo inú rẹ̀ kí a lè mọ̀."

"A kì í la òkú Mùsùlùmí bí ẹran Iléyá. Ẹ ti mú ẹni tó pa á. Kí lẹ tún ń wá?"

Inú Túbọ̀sún dùn díẹ̀. Ẹni tó ń kánjú sin òkú tí ó ní wọ́n pa, ó yẹ kí a bi í léèrè ọ̀rọ̀. "Nígbà wo lẹ rí ẹ̀gbọ́n yín kẹ́yìn?"

Ṣéhù yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó ku ọ̀la kí ó pé ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ jọ ń gbé Ṣàpọ́n yìí náà?"

"Ó bú mi."

"Kí ni ó wí?"

"Kò wí nǹkan kan. A kí ìrun Jímọ́ọ̀ tán, mo na ọwọ́ sí i lójú gbogbo ìjọ. Ọwọ́ òsì ni ó nà sí mi. Ọwọ́ òsì, Túbọ̀sún. Ẹnìkan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò tún ní tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́, mi ò sì tẹ̀ ẹ́."

"Wọ́n ti pa ènìyàn nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀."

Ṣéhù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ó pẹ́ tí o ti ń wá mi. Mú mi nígbà náà. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wà lóko mi ní Wásinmi, àárọ̀ yìí ni wọ́n fi ọkọ̀ wá pè mí. Lọ bi àwọn lébìrà mi. Tí o bá bi wọ́n tán, wá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi."

Awakọ̀ tó lọ pè é wà níbẹ̀, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò rí Ṣéhù ní Ṣàpọ́n. Túbọ̀sún padà sí àgọ́ pẹ̀lú ẹnu kíkorò. Ọdún kọkànlá ló fi dúró de ọkùnrin yìí, ìgbà tí ọwọ́ fẹ́ẹ́ tó o, ó tún yọ́ bọ́ bí ẹja àrọ̀.

* * *

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sin òkú wọn," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. Tòkunbọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ó fi ọdún méjìlá kéré sí Túbọ̀sún, ó sì ka ìwé dáadáa. "A rí májẹ̀lé, a rí ẹni tó ni ín. A ó fi ìyẹ̀fun náà ránṣẹ́ sí Èkó fún àyẹ̀wò."

"Sà, àyẹ̀wò Èkó lè gba oṣù mẹ́fà. Tí wọ́n bá ti sin bàbá yẹn lónìí, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó pa á mọ́. Obìnrin náà á máa jókòó lẹ́wọ̀n de ìdájọ́ títí orí rẹ̀ ó fi hu ewú."

"Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í dákẹ́."

"Ohun tí mo ń wá nìyẹn, sà."

"Ẹ ní títí di agogo mẹ́rin. Mi ò ní bá àwọn ará Ṣàpọ́n jà nítorí agídí yín, Bàbá Sájẹ́ǹtì."

Túbọ̀sún wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn gbà. Orí tábìlì ni ó kó àwọn ẹ̀rí sí: bébà ìyẹ̀fun, bùbá funfun tí bàbá náà wọ̀ sùn, àti sálúbàtà rẹ̀. Ó fẹ́ fa bébà náà mọ́ra ni ó rí èèrà. Wọ́n ti tò láti ojú fèrèsé wá, wọ́n gun ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n wọ inú bébà. Àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ń jáde, oníkálukú gbé ẹrù tirẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó kú nínú wọn.

Ó tẹjú mọ́ wọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka tọ́ ìyẹ̀fun náà, ó sì fi í sí ahọ́n. Ó dùn, ó sì tutù lẹ́nu. Gúlúkóòsì ni, èyí tí gbogbo ènìyàn ń rà fún ẹni tó bá rẹ̀.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n inú tún bí i sí i. Májẹ̀lé ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, òkú ṣì wà níbẹ̀. Àti pé, èwo ni ti fífi gúlúkóòsì pamọ́ sábẹ́ ẹní? Ta ló ń tijú gúlúkóòsì?

Ẹni tó bá ń fi àìsàn pamọ́ ni.

Ó fa sálúbàtà náà mọ́ra. Ti òsì dára, ó ṣì ń dán. Ṣùgbọ́n imú ti ọ̀tún ti họ, awọ rẹ̀ ti bó, bí ìgbà tí wọ́n ń fi í fá ilẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá náà ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Túbọ̀sún tẹ́ bùbá náà. Ọbẹ̀ ti ta sí àyà rẹ̀ káàkiri, kékeré kékeré, bí ti ọmọ tí wọ́n ń fún lóúnjẹ. Àgbà tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun fún ọgọ́ta ọdún kì í da ọbẹ̀ sáyà báyìí.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì tó nà sí àbúrò rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ilẹ̀kùn tó ń tì kí ó tó jẹun.

Túbọ̀sún dìde bí ẹni tí èèrà ta.

* * *

"Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan mọ́," ni ó wí fún Sàfúrátù. "Èmi ni n ó máa sọ̀rọ̀. Tí mo bá ń purọ́, wò mí lójú. Tí òótọ́ bá ni, máa wo ilẹ̀. O kò ní la ẹnu."

Obìnrin náà gbé orí sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ó máa wo ojú rẹ̀.

"Ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ ti kú kí òun fúnra rẹ̀ tó kú."

Ó wo ilẹ̀.

"Kò lè fi dá òkèlè mọ́. Kò sì jẹ́ fi ọwọ́ òsì jẹun láéláé, ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á. Ìwọ lo ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ìdí tí o fi ń ti ilẹ̀kùn nìyẹn, kí ará ilé má baà rí Àlàájì bí ọmọ ọwọ́."

Kò gbé orí sókè.

"Gúlúkóòsì lo ń bu sínú ẹ̀kọ, o rò pé á fún un lókun. Ó sì mú ọ fi Kùránì búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́."

Omi já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kejì. Túbọ̀sún jókòó tì í. Ó fẹ́ bú u, pé nítorí kí ni ó ṣe fẹ́ gba ikú mọ́ra nítorí ìbúra. Ṣùgbọ́n òun tí kò padà sí ilé ìwé mọ́ nítorí ẹgba mẹ́fà, kí ni òun fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn nípa agídí?

* * *

Agogo méjì ti kọjá nígbà tí ó tún dé iwájú Ṣéhù.

"Ẹ̀gbọ́n yín kò bú yín," ni ó wí, kò tilẹ̀ kí i. "Kò ní ọwọ́ ọ̀tún tó lè nà sí yín ni."

Ó kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún un, sálúbàtà, bùbá, èèrà. Ṣéhù gbọ́ ọ dópin, iṣan ọrùn rẹ̀ ń fò.

"Irọ́ ni. Ìwọ lo fẹ́ gba aṣẹ́wó yẹn sílẹ̀ kí ojú lè tì mí."

"Ó lè jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n inú orí ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú orí ẹ̀gbọ́n yín ni òótọ́ wà. Tí ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀ ní agogo mẹ́rin, títí ẹ ó fi kú ni ẹ ó máa bi ara yín léèrè bóyá ó bú yín tàbí kò bú yín."

Ṣéhù wo aṣọ funfun tí wọ́n ti ká síbẹ̀.

"Ẹ là á," ni ó wí. "Orí nìkan, kí ẹ má fọwọ́ kan ibòmíràn. Kí wọ́n sì rán an padà bí ènìyàn. Tí dókítà kò bá rí nǹkan kan, n ó rí i pé wọ́n bọ́ okùn mẹ́ta yẹn kúrò lápá rẹ."

"Mo gbọ́."

* * *

Dókítà Herbert Ṣówándé, tó ń yẹ òkú wò ní ilé ìwòsàn ìjọba, jẹ́ ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó bẹ̀rù pé òun lè jí àwọn tó ń tọ́jú. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́.

"Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, dókítà," ni Túbọ̀sún wí.

"Á jẹ́ pé apá òsì orí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣẹ ọwọ́ ọ̀tún ti ń wá."

Túbọ̀sún àti Ṣéhù dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sí ìhín, ọ̀kan sí ọ̀hún. Ní agogo mẹ́rin ku díẹ̀, dókítà ṣí ilẹ̀kùn.

"Kò sí ẹni tó lù ú," ni ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ rẹ̀ lónìí, ó pọ̀, apá òsì, nísàlẹ̀ jíjìn. Òun ló pa á. Ẹni tó bá dákú báyìí lè yọ ìfófó lẹ́nu, kò nílò májẹ̀lé. Ṣùgbọ́n tòní kọ́ ni àkọ́kọ́." Ó gbé awò kan sókè, irú èyí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. "Mo rí ojú ibi mẹ́rin tí ẹ̀jẹ̀ ti já tẹ́lẹ̀ tó sì ti gbẹ. Wọ́n kéré, èyí tó tóbi jù kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Àwọ̀ wọn ti dà bí páànù tó dípẹtà. Ọ̀kan nínú wọn á ti mú ọwọ́, ọ̀kan á ti mú ẹsẹ̀."

"Kí ló ń já wọn?" ni Ṣéhù bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru, Àlàájì. Bí ó bá pẹ́ lára, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ á gan, wọn ò ní rọ̀ mọ́. Ẹ ti rí túùbù kẹ̀kẹ́ tó gbó rí, bí ó ṣe máa ń yọ ikùn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó bẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn iṣan kéékèèké inú orí rẹ̀ ṣe yọ ikùn. Kò tó orí abẹ́rẹ́. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń bẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Tí ó bá ti wá rí yín ńkọ́," ni Túbọ̀sún wí, "nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kú?"

"Oògùn wà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Èmi ò lè ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ì bá ti wá."

Túbọ̀sún fi ẹ̀yìn ti ògiri. Láti àárọ̀ ló ti ń sáré, ó tú gbogbo okùn náà ní kókó kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì sí ẹnì kan tó lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Ìtìjú ọkùnrin kan ló ti ilẹ̀kùn mọ́ dókítà síta, ọkùnrin náà ló sì dùbúlẹ̀ lórí pákó yẹn. Ó wo Ṣéhù. Ó ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé tí ojú Ṣéhù bá tì lọ́jọ́ kan, òun á gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣéhù kàn dúró, ó na ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń wò ó.

"Ọwọ́ òsì," ni ó ń wí ní jẹ́jẹ́. "Kò sì lè sọ fún mi."

Lẹ́yìn náà ni ó tún di Ṣéhù. "Mi ò ní tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ, Túbọ̀sún."

"Èmi náà kò ní tọrọ lọ́wọ́ yín, Àlàájì."

* * *

Nígbà tí ìwé dókítà fi dé àgọ́, tí Tòkunbọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì buwọ́ lù ú, wọ́n ti sin Àlàájì Jùbrílù tán. Túbọ̀sún ṣí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀.

"N ó wá ọkọ̀ tí yóò gbé ọ lọ bá àwọn òbí rẹ," ni ó wí. "Gbogbo ilé yẹn ló pè ọ́ ní apànìyàn láàárọ̀. Má padà síbẹ̀ lónìí."

"Ilé ọkọ mi ni mo ti máa ṣe takábà, bàbá," ni Sàfúrátù wí. Ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ìjókòó opó. Bí mo bá sá, òótọ́ ni wọ́n ní mo pa á. Ẹni tó bá fẹ́ lé mi, kí ó lé mi lójú gbogbo ayé."

Túbọ̀sún bá a jiyàn títí tí wọ́n fi dé Ṣàpọ́n. Òun tí kò rí ẹni tó lágídí tó òun rí, ó ti rí ọ̀kan.

Yàrá àwọn obìnrin kún. Nígbà tí Sàfúrátù yọ sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo orí yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà kan fa ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kùdírátù jókòó sórí ẹní ńlá tí wọ́n tẹ́ fún opó, ní àárín gangan, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀. Túbọ̀sún dúró sẹ́yìn, ó mọ̀ pé ìwé dókítà tó wà lápò òun kò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

"Àlàájì Ṣéhù ti sọ fún wa," ni Kùdírátù wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ṣé òótọ́ ni pé ìwọ lo ń fi òkèlè sí i lẹ́nu?"

Sàfúrátù kúnlẹ̀ síbi tí ó wà. "Ẹ máa bínú, ìyáálé mi. Mo búra."

"Oṣù mẹ́ta," ni Kùdírátù wí, ó ń kà á lórí ìka.

"Ó sì ń fi mí ré nítorí èyí. Ó ń lé mi bí ajá." Ó fi etí aṣọ nu imú, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo yàrá ń wò ó.

Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó gbé ìdí kúrò ní àárín ẹní, ó sì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, àyè opó kejì sì ṣí sílẹ̀.